Abẹ́rẹ́ Tó Ń Fò Sókè

Ilẹ̀ ò tíì mọ́,
mo ti to ọgọ́ta búrẹ́dì sẹ́yìn ọkọ̀,
Tòyótà àtijọ́ tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ,
tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ ìdí mi gan-an
bí ààrò lábẹ́ ìkòkò.
Láti Òkè-Báálẹ̀, mo kọrí sí Ìlobùú.
N ò tíì dé Ọlá-Ìyá
tí abẹ́rẹ́ fi fò sókè,
ó lọ fẹ̀yìn ti ibi pupa,
ó ní: ó gbóná o, ó gbóná, bọ́ sílẹ̀.

Mo bọ́ sílẹ̀.
Mo gbọ́wọ́ lé rẹdiétọ̀:
ó lọ́wọ́ọ́wọ́, bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.
Mo fọwọ́ fún họ́ọ̀sì: kò le, kò wú.
Omi ò hó. Èéfín ò yọ.
Itan mi tó ti ń jókòó lórí ẹ́ńjìnnì láti ọdún mẹ́sàn-án
kò gbọ́ nǹkan kan.
Ta ni kí n wá gbà gbọ́,
itan mi, àbí abẹ́rẹ́?

Ẹ má pè mí ní ojo.
Lọ́dún tó kọjá, abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni mo fojú di
ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀rìn;
gásíkẹ́ẹ̀tì jó,
owó iléèwé Fadérera bá a lọ.
Ẹni tó ti sanwó gásíkẹ́ẹ̀tì rí
kì í bá abẹ́rẹ́ jiyàn.
Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
búrẹ́dì ń tutù lẹ́yìn mi.

Mọ́rúfù mẹkáníìkì ní tamositáàtì ni.
Ó yọ ọ́, ó jù ú sínú igbó.
Abẹ́rẹ́ ṣì ń fò.
Ó ní ó dáa, sẹ́ńsọ̀ ni.
Mo ra sẹ́ńsọ̀ tòkunbọ̀.
Abẹ́rẹ́ ṣì ń fò.
Ó họrí títí, ó ní àfi ká sọ orí kalẹ̀.
Mo ní orí ta ni?
Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Alẹ́ Tọ́sìdeè, òjò ń ṣú lórí Òkè-Fíà,
mo tan iná iwájú.
Abẹ́rẹ́ ooru gòkè.
Abẹ́rẹ́ epo náà gòkè!
Epo tí n ò rà,
epo tí n ò lówó rẹ̀ lápò,
ó kún fọ́fọ́ kí n tó ṣẹ́jú.
Mo paná: àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀.
Mo tan án: wọ́n dìde pọ̀
bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọlé bá.
Mo bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú ọkọ̀,
ọlọ́kadà tó ń kọjá wò mí bíi wèrè.
Òpùrọ́ kan ṣoṣo, a lè fura sí i.
Òpùrọ́ méjì tó ń purọ́ níṣẹ̀ẹ́jú kan náà,
ibì kan ni wọ́n ti jọ ń gbọ́rọ̀.

Bàbá Àṣìmíyù, rẹwáyà ìdí máńgòrò n'Ígbọ̀nà,
kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó tú pátákó iwájú ọkọ̀,
ó na wáyà kan láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé orí bátìrì,
ó ní, "Tan iná."
Mo tan iná.
Abẹ́rẹ́ jókòó jẹ́ẹ́, bí àgbà tó yó.
"Wáyà ilẹ̀ ni kò kanlẹ̀,"
gbogbo ohun tó wí nìyẹn.
Ìdí nọ́ọ̀tì kékeré kan ni ìpẹtà gbé kó jọ;
ó fi sáńpépà ha á títí tó fi ń dán,
ó fi sípánà dè é pinpin.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà. Mo fi búrẹ́dì kan lé e.
Ohun tí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀,
ariwo ni yóò máa pa,
a ó sì máa pè é ní ìkìlọ̀.

Láti ìgbà náà, láàárọ̀,
abẹ́rẹ́ kì í tètè kúrò nísàlẹ̀.
Mo rin ìrìn títí, ó ṣì ní ó tutù.
Òótọ́ ló ń sọ lọ́tẹ̀ yìí:
tamositáàtì mi wà nínú igbó Mọ́rúfù,
n ò tíì ra òmíràn.

Síbẹ̀, kí n tó wọ Ìlobùú,
mo ṣì máa ń dúró
fọwọ́ fún họ́ọ̀sì.